Ẹ dán àwọn ọmọ tó kàwé ní Kútọnu wò, ẹ má kàn kó wọn dànù

Sí Olóòtú ìwé ìròyìn wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú bí ẹ ò ṣe jẹ́ kí èdè wa kú. Oníṣòwò ni mí ní Ìmẹ̀kọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Gàrí àti ata gbígbẹ ni mò ń tà, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Inú ọjà ni mo ti máa ń ka ìwé ìròyìn yín, tí mo bá sì kà á tán, àwọn tí a jọ ń tajà á gbà á lọ́wọ́ mi. Mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí. Òru mẹ́ta ni mo fi kọ èyí, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ ni.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ gbé lẹ́tà ọ̀gbẹ́ni kan jáde tó ní gbogbo ẹni tó bá gbé ìwé-ẹ̀rí wá láti Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ayédèrú ni. Ó ní kí ìjọba lé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì kó àwọn òbí wọn mọ́ wọn. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan nínú àwọn òbí tó ní kí wọ́n kó ni mí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bo ẹnikẹ́ni láṣìírí. Ayédèrú wà níbẹ̀, ó sì pọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ìlú yẹn, mo mọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀, mo sì mọ àwọn ọmọ tí wọ́n máa kó mọ́ olè bí wọ́n bá ṣe bí ọ̀gbẹ́ni yẹn ṣe wí.

Ẹni tí kò bá mọ agbègbè wa á rò pé ọ̀nà jíjìn ni orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Láti Ìmẹ̀kọ dé Kétu tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ kò tó ìrìn àtilọ sí Abẹ́òkúta rárá. Àwọn ará Kétu ló tẹ ìlú wa dó. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó, tí wọ́n fa ilà sórí ìwé, tí Kétu fi bọ́ sọ́wọ́ Faransé tí Ìmẹ̀kọ sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlárá tó wà láàárín wa, ìlú kan ni, ààlà ló pín in. Kétu ni wọ́n ti bí ìyá mi, ibẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ọkọ sí. Ọdún 1999 ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bí ọmọkùnrin, oṣù méjì ló wà láàárín wọn. Bí iléèwé bá ti gba ọlidé, tèmi á lọ sí Kétu, tàbí kí tirẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Èdè kan náà, ọbẹ̀ kan náà, bọ́ọ̀lù kan náà ni wọ́n jọ ń gbá. Nínú ìwé tí wọ́n ń kà nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti yà wọ́n.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe BAC ní 2016, ìdánwò tí àwọn tiwọn fi ń jáde ní iléèwé girama, ó fìdí rẹmi. Kò sí ẹni tí wọ́n lè rí, kò sí ibi tí wọ́n lè gbé owó gbà. Ó padà sí kíláásì, ó tún un ṣe ní 2017. Mo wà ní Kétu lọ́jọ́ tí èsì jáde. Àwọn ìyá dúró sínú oòrùn, wọ́n ká ọwọ́ lérí, ẹnì kan ń ka orúkọ jáde sókè. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ tirẹ̀ á fò sókè. Ẹni tí wọ́n kà kọjá orúkọ rẹ̀ á rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ọmọ wa, ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ pariwo, ó kàn di ọwọ́ mi mú títí ó fi ń dùn mí. Ọdún yẹn náà ló wọ Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti ìjọba tó wà ní Kétu.

Ọmọ tèmi ṣe Jáǹbù lẹ́ẹ̀mẹta, 2016, 2017, 2018. Máàkì rẹ̀ kò burú. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ní kò tó fún ohun tó fẹ́ kà, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ní kò sí àyè mọ́, ẹ̀ẹ̀kẹta a kò tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Gbogbo òbí tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ló mọ bí ó ṣe ń rí, tí ọmọ tó ti gbó tó bẹ́ẹ̀ á máa dìde láràárọ̀ tí kò ní ibi tó ń lọ. Ìgbà yẹn ni alágbàtà kan dé. Ó wọ súùtù, ó kó ìwé dídán lọ́wọ́, àwòrán ilé gogoro kan wà lára rẹ̀. Ó ní kò sí Jáǹbù níbẹ̀, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń gboyè, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni, bí ọmọ bá sì parí, á wá sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Gbogbo ohun tó sọ pátá nípa àgùnbánirọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, nítorí a rí àwọn ọmọ tó ti ibẹ̀ wá tí wọ́n wọ kákí. Mo ta púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi.

Kí ọmọ tó lọ, mo gba Kétu kọjá láti lọ fi tó ẹ̀gbọ́n mi létí. Ó ń bó ẹ̀gẹ́. Kò gbé ojú sókè, ó ní, "Àbúrò mi, ṣé ọmọ tibí wà nínú iléèwé yẹn? Ṣé wọ́n ń jókòó ṣe ìdánwò ìjọba? Ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé rẹ̀?" Ìbéèrè mẹ́ta péré. Mi ò ní èsì kankan. Dípò kí n lọ wádìí, inú bí mi. Mo rò pé nítorí ọmọ tirẹ̀ ti wọlé ni kò ṣe fẹ́ kí tèmi wọlé. A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ dáadáa fún bí oṣù mẹ́fà. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà, mo sì tún ń tọrọ rẹ̀ níhìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n máa ka lẹ́tà yìí fún un.

Mo lọ sí Kútọnu láti wo ọmọ mi ní ìparí 2018. Àwọn ọlọ́kadà wọn wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè, ọ̀kan nínú wọn gbọ́ Yorùbá, òun ló gbé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ilé alájà méjì ni, àwọn kan ń ta páànù nísàlẹ̀. Kì í ṣe ilé inú àwòrán yẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sára pátákó. Mo jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́: mo gbọ́ Yorùbá, mo gbọ́ Íbò, mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti pijin, mi ò gbọ́ Faransé, mi ò gbọ́ Fọ̀n. Kò sí ọmọ onílùú kan ṣoṣo níbẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi bi mí nìyẹn, èsì rẹ̀ sì wà níwájú mi lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mo ti san owó.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òdodo tó kù. Ọmọ mi kàwé níbẹ̀. Ìṣirò owó ló ń kọ́. Olùkọ́ àgbà kan, ọmọ Nàìjíríà tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá wá kọ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í pa kíláásì jẹ. Nígbà tí ọmọ náà wá ọlidé, ó gba ìwé gbèsè mi, èyí tí mo fi gègé pupa àti dúdú kọ jágbajàgba, ó fi rúlà la ìwé tuntun sí ojú méjì, ohun tó wọlé lósì, ohun tó jáde lọ́tùn-ún. Ó kọ owó àpò, owó ọkọ̀, owó àwọn tó ń gbé ẹrù, gbogbo èyí tí èmi kì í kọ. Ọjọ́ kẹta, ó ní, "Màámi, ẹ̀ ń pàdánù lórí gàrí tí ẹ̀ ń kó lọ sí Ṣágámù." Ó fi hàn mí ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni. Ọdún méje ni mo ti ń pàdánù lórí rẹ̀. Ọgbọ́n yẹn, kì í ṣe ẹni tó ra ìwé-ẹ̀rí ló ní in.

Ní 2021, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ parí. Wọ́n ní kí gbogbo ẹbí wá. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè wá wò. Soutenance ni wọ́n ń pè é: ọmọ á dúró síwájú àwọn olùkọ́, á sọ ohun tó fi ìwádìí rẹ̀ ṣe, wọ́n á sì bi í léèrè, lójú gbogbo ayé. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè wọlé wá jókòó. Èmi tí mi ò gbọ́ Faransé jókòó níwájú, mo wọ bùbá tuntun, kúlà oúnjẹ wà lẹ́sẹ̀ mi. Ọ̀rọ̀ iṣu ló fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bí a ṣe lè tọ́jú èbù kó má jẹrà. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà, obìnrin kan tó wọ awò ojú, kò gbà fún un rárá. Ó bi í, ó tún bi í, ó ṣí ojú ìwé kan, ó na ìka sí i. Òógùn ń ṣàn lójú ọmọ náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló dáhùn, ó lọ síbi pátákó, ó ya nǹkan. Obìnrin náà mi orí. Wọ́n lé gbogbo wa síta kí wọ́n lè jíròrò, a dúró sábẹ́ igi, kò sí ẹni tó lè jẹun. Nígbà tí wọ́n pè wá padà tí wọ́n ka èsì, gbogbo wa dìde dúró, bàbá rẹ̀ sì bú sẹ́kún.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí ọkàn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kò sí ẹni tó pe èmi wá wo ti ọmọ tèmi rí. Kò sí ẹni tó bi ọmọ mi léèrè lójú gbogbo ayé rí.

Bàbá ọmọ yẹn, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni títí ó fi fẹ̀yìn tì. Alẹ́ ọjọ́ náà ló ṣàlàyé fún mi ìdí tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣeré. Ó ní nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ Dàhòmì, àwọn Faransé máa ń pè é ní àdúgbò àwọn ọ̀mọ̀wé Áfíríkà, nítorí gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ni àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé láti Dàhòmì ti ń ṣiṣẹ́, títí kan Abidjan ní Ivory Coast, níbi tí wọ́n ti lé wọn dànù ní 1958 nítorí pé wọ́n pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ó ní ní 1989, nígbà ìjọba Mathieu Kérékou, báńkì dojú dé, òun àti àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ òun gba oṣù lọ gba oṣù bọ̀ láìrí owó. Àwọn ọmọ yunifásítì náà kò rí owó ìrànwọ́ wọn gbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, àwọn olùkọ́ tẹ̀ lé wọn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ̀ lé àwọn olùkọ́. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni ìpàdé gbogboogbò ti oṣù Kejì ọdún 1990 ní Kútọnu, tí Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ṣe alága rẹ̀. Wọ́n ń gbé e sórí rédíò bó ṣe ń lọ. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò kúrò nídìí rédíò, òun gbọ́ ohùn Kérékou fúnra rẹ̀ nígbà tó gbà pé ohun tí ìpàdé náà bá fẹnu kò sí ni yóò ṣẹ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dìbò, Nicéphore Soglo wọlé, Kérékou tó jẹ́ ọ̀gágun gbé ìjọba sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí ogun. Ó tún padà wá gba ìbò ní 1996, ó sì wọlé.

Ìlú tí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ti fi ọ̀rọ̀ owó-oṣù àti owó ìwé yí ìjọba padà láìta ìbọn, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ilẹ̀ Nàìjíríà lọ, òun ni ọ̀gbẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí yín pè ní ìlú ayédèrú. Mi ò sọ pé gbogbo nǹkan ló dára lọ́dọ̀ wọn. Ní 2019, wọ́n dìbò ilé aṣòfin tí ẹgbẹ́ alátakò kankan kò sí nínú rẹ̀, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kò sì lọ dìbò lọ́jọ́ yẹn, inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ti ìwé, wọn kì í fi ṣeré. Ìjọba wọn ti ṣòfin pé ọmọ tó bá ka yunifásítì aládàáni, yóò jókòó ṣe ìdánwò ìjọba kí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ tó lè dúró, àyàfi àwọn iléèwé tí ìjọba bá fún ní àṣẹ ọ̀tọ̀. Ìbéèrè kejì tí ẹ̀gbọ́n mi bi mí nìyẹn. Iléèwé ọmọ tèmi kò mú ẹnikẹ́ni lọ síbi ìdánwò náà rí. Bí mo ṣe wá rí i, a kọ́ iléèwé bẹ́ẹ̀ sórí ilẹ̀ wọn ni, wọn kò kọ́ ọ fún àwọn ọmọ wọn. Àwa ni wọ́n kọ́ ọ dè. Àwọn tó ń kó ọmọ síbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n. Àwọn tó ń sanwó, àwa ni.

Ọmọ mi parí ní 2022. Láàárín rẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ ti bodè pa, láti oṣù Kẹjọ 2019, tí ọjà mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, tí àrùn Kòrónà tún dé. Mi ò fẹ́ rántí ọdún wọ̀nyẹn. Ó parí ṣá, ó gbé ìwé-ẹ̀rí wá, mo fi náílọ́ọ̀nù wé e, mo gbé e kọ́ sára ògiri lókè ibùsùn mi. Ó kó ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí Àbújá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní kó máa retí. Ó rí iṣẹ́ ìwé owó ní ilé iṣẹ́ aládàáni kan ní Abẹ́òkúta, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń fi ránṣẹ́ sílé.

Ní ìparí 2023, akọ̀ròyìn Daily Nigerian kan kọ bí òun ṣe gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí wọ́n sì tún gbà á wọlé bí àgùnbánirọ̀. Mo kí ọkùnrin náà, iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Ọjọ́ kejì oṣù Kíní 2024 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn kò yẹ ìwé-ẹ̀rí kankan láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wò mọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà sọ pé ó lé ní 22,000 ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé-ẹ̀rí ayédèrú láti ìlú méjèèjì, wọ́n sì gbé orúkọ àwọn yunifásítì tí wọ́n fọwọ́ sí jáde: márùn-ún ní Bẹ̀nẹ̀, mẹ́ta ní Tógò. Mo ní kí ọmọ mi ka orúkọ wọn fún mi. Ó ka ti Abomey-Calavi, ó ka ti Parakou. Nígbà tó ka Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀, ohùn rẹ̀ yí padà, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó jáde. Iléèwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Tirẹ̀ kò sí. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ilé iṣẹ́ Abẹ́òkúta yẹn ní kó máa lọ ilé.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mi nìyí, Olóòtú. Orúkọ mẹ́jọ yẹn, kí ló dé tí a kò gbọ́ ọ ní 2018? Bí ẹnì kan bá kà á lórí rédíò lédè Yorùbá, ní Ìmẹ̀kọ, ní Ìdírókò, ní Ìpókíá, kí n tó ta ilẹ̀ bàbá mi, mi ò ní tà á. Ìjọba tó wọ ọmọ wọ̀nyí ní kákí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó gba ìwé wọn wọlé tó tẹ òǹtẹ̀ lù ú, òun kan náà ló wá ń sọ pé ó yẹ kí a ti mọ̀. Ọ̀nà wo ni ìyá aláta á gbà mọ ohun tí Àbújá kò mọ̀?

Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó ra ìwé. Ẹni tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì bi ẹni tó tà á fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí kíláásì fún ọdún mẹ́ta, tó ní ìwé àkọsílẹ̀, tí olùkọ́ rẹ̀ ṣì wà láyé, ẹ ṣe fún un bí wọ́n ṣe ṣe fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Kétu. Ẹ gbé ìdánwò sílẹ̀ fún wọn. Kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa jókòó, ní Abẹ́òkúta, ní Ìbàdàn, níbikíbi, kí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀, kí wọ́n bi wọ́n ní ohun tí wọ́n bá fẹ́. Ẹni tó ra ìwé kò ní wá síbẹ̀. Ẹni tó bá wá tí kò mọ̀ ọ́n, kó lọ tún un kọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n fún un ní ìwé tí yóò lè gbé jáde. Kò lè gba owó jù èyí tí wọ́n ná lórí ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ wọn.

Fún ẹ̀yin òbí tí ẹ ṣì ń múra láti rán ọmọ lọ, nítorí alágbàtà kò tíì lọ sílé, mo rí ọ̀kan ní ọjà wa ní oṣù tó kọjá, Gánà ló ń sọ nísinsìnyí: ẹ bèèrè ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi kí ẹ tó yọ owó. Ṣé ọmọ onílùú ń kàwé níbẹ̀? Ṣé ìjọba ìlú náà ń dán wọn wò? Ta ló ń fọwọ́ sí ìwé wọn? Ẹ má bi alágbàtà. Ẹ bi àwọn tó ń gbé ìlú náà. Ní ti Bẹ̀nẹ̀, a ní ẹbí ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́, ní Ìpóbẹ̀, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ìbéèrè náà kò ná yín ní nǹkan kan.

Ọmọ mi ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò tí ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó ní Nàìjíríà, ń ṣe fún ẹni tó ní ìwé mẹ́wàá, bí ẹni pé kò tíì kàwé kankan lẹ́yìn girama. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti jókòó ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní iléèwé. Ó máa ń jí ní agogo mẹ́rin òru, mo máa ń gbọ́ ìró ìwé tó ń ṣí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń fi owó ránṣẹ́ sí i láti Parakou, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ní kó fi ra ìwé. Náílọ́ọ̀nù yẹn ṣì wà lára ògiri lókè ibùsùn mi. Mo ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní kí n fi í síbẹ̀, bóyá wọ́n á pè wọ́n wá ṣe ìdánwò.

Ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí, ẹ má yọ ibi ìbéèrè mẹ́ta yẹn kúrò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá aláta, Ìmẹ̀kọ